Aunty Clara Kì í Kú

4.

…bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn dìde láàárín èrò ìwòran, tí wọ́n pariwo: "Ọmọ mi, dìde níbẹ̀." Aunty Clara, tí idà ti gún pa lórí ìtàgé, dìde. Wọ́n tún dáhùn: "Mà."

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni wọ́n. Ìyá pè, wọ́n jẹ́.

5.

Láti inú ìwé ìròyìn London kan, ọdún yẹn (èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀):

"Clara Adédìran ṣe dáadáa títí ó fi kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ."

1.

Ẹ má bínú pé nọ́ńbà ò tò. Bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ń kọ ọ́.

Èmi ni Ṣìkẹ́mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, Lilburn lẹ́bàá Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Àbúrò bàbá mi ni Aunty Clara. Ìlú Ọba ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti di gbajúmọ̀ òṣèré, ìjọba ibẹ̀ sì ti fi oyè dá wọn lọ́lá. Iṣẹ́ fíìmù ní Fayetteville ló gbé wọn wá. Yàrá àlejò mi ni wọ́n wà, wọ́n ń bá mi jà nítorí AC.

6.

Ohun tí ìyá wọn sọ lẹ́yìn eré ọjọ́ yẹn:

"Ikú kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Bí kò bá sí àgbà níbẹ̀ láti pè ọ́ dìde, má dùbúlẹ̀."

7.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI ṢE LÁTI ÌGBÀ NÁÀ

Ayaba. (Ó sá lọ.)
Ìyá jagunjagun. (Ọmọ ló kú.)
Adájọ́, lórí tẹlifíṣọ̀n, fún ọdún gbọọrọ. (Ó fẹ̀yìn tì.)
Àjẹ́. (Ó yẹ kí wọ́n sun ún. Aunty Clara ní kí òǹkọ̀wé lọ tún un kọ. Ó tún un kọ.)
Ìyá àgbà aláìsàn. (Ara rẹ̀ yá.)

Ó lé ní àádọ́ta ọdún. Wọn ò tún kú mọ́.

8.

Tẹ́ní ló ń darí fíìmù yìí. Atlanta níbí ni wọ́n bí i sí, inú ìjọ wa ló dàgbà sí. Ìtàn ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń ṣe, Aunty Clara ló sì fẹ́ kó ṣe ìyá náà. Ìyá náà kú lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè tún ìyẹn kọ.

9.

Nínú kíṣìnì mi.

ÈMI: Aunty, ẹ sọ fún Tẹ́ní pé ẹ ò ṣe.
AUNTY: Mo fẹ́ ṣe é.
ÈMI: Ọ̀rọ̀ ìyá yín ńkọ́?
AUNTY: Ṣìkẹ́mi, gbogbo ẹ̀ ni mo ti ṣe tán. Ó ku ìyẹn. I want to know if I can do it.
ÈMI: Ta ló máa wá pè yín dìde?
AUNTY: Bá mi wá a. Ẹni tó jù mí lọ o. Ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ.

10.

Ẹni tó ju Aunty Clara lọ. Ní Atlanta.

11.

Fóònù. Màmá Oyèwùmí, ìyá ìjọ wa, tó ń gbé ní Hampton.

MÀMÁ: Ṣé kí n wá pe òkú ni?
ÈMI: Rárá mà. Eré ni.
MÀMÁ: Ó dáa. Màá wá. Ṣé wọ́n máa fi èmi náà hàn?

13.

WhatsApp láti ọ̀dọ̀ Màmá Oyèwùmí, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ikú náà:

"Ṣìkẹ́mi, race mọ́tò wà ní Speedway ẹ̀gbẹ́ ilé wa lónìí. Mọ́tò ò ráyè jáde ní Hampton. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ọlọ́run á pè é."

Mo pa á rẹ́ kíá. Ọlọ́run kọ́ la fẹ́ kó pè wọ́n.

14.

Mo sọ fún Aunty Clara lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ fún iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má kọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má gbà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ bí òkú ṣe ń rí.

Wọ́n dùbúlẹ̀.

15.

Wọ́n kú dáadáa. Mo kórìíra rẹ̀.

16.

Tẹ́ní ní, "Cut." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Aunty Clara ò mira. Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Mo kúnlẹ̀, mo sì pe oríkì tí ìyá wọn fi ń kẹ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ ò gbọdọ̀ fẹnu kàn.

Ẹ̀rọ ohùn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó gbà sílẹ̀ nìyí:

ÈMI: Àwẹ̀ró. Ẹ dìde, mà.
(kò sí ohùn)
ÈMI: Àwẹ̀ró.
AUNTY: Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?
ÈMI: Ẹ má bínú, mà.
(ẹ̀rín)
TẸ́NÍ: Aunty, that was beautiful. Ẹ jọ̀ọ́ mà, one more?

17.

Mi ò rí i kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú tèmi náà dùn. Wọ́n tún ìrọ̀rí ṣe fúnra wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n di ojú.

"Ṣìkẹ́mi."

"Mà."

"Lọ́tẹ̀ yìí, má kánjú pè mí."