Ṣùkú Orí Fikáyọ̀

Fikáyọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ó ká kò sábẹ́ tábìlì bí ìgbín tí wọ́n fi iyọ̀ hàn.

"Jáde níbẹ̀!" Yẹ́misí na òòyà sí i. "Ṣé irun ni mo fẹ́ tú ni, àbí orí gan-an ni mo fẹ́ gé?"

"Àǹtí Ajarat ló máa tú u."

Ó tún dé! Láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé Alápẹ̀rẹ̀, orúkọ yẹn ni ọmọ ọdún márùn-ún yìí fi ń jí, òun náà ló fi ń sùn. Ilé tuntun sì nìyí o: yàrá méjì àti pálọ̀, ilé ìdáná tiwọn, ilé ìwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní máa gbá ilẹ̀kùn ẹ̀ pé "ẹ ṣe kíá jàre!" Níyì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ti lọ́rẹ̀ẹ́ ládùúgbò. Ṣùgbọ́n Fikáyọ̀ ń rìn nínú ilé bí àlejò tí wọn kò tíì fún níjòkòó. Ṣùkú tí Ajarat dì fún un kí wọ́n tó kó ti wú, ó ti rí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Lánàá ni olùkọ́ ẹ̀ sọ pé bó bá tún gbé orí yẹn wá ní Mọ́ńdè, òun á dá a padà sílé.

Ìkòsì ni wọ́n ti kó wá, ilé oníyàrá ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n kọjú sí ọ kí o kọjú sí mi. Yàrá Ajarat onídìrí ló dojú kọ tiwọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Yẹ́misí ti ń lọ gba tòmátì ní Mile 12. Ajarat ní í wẹ Fikáyọ̀, òun ní í fún un lóúnjẹ, òun ní í pọ̀n ọ́n bó bá ń ṣàárẹ̀. Ajarat kò bímọ. Ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Èyí tó ń ta Yẹ́misí lára ni pé gbogbo ilé wá ń pe Ajarat ní Ìyá Fikáyọ̀. Òun tó rọbí ọmọ, Ìyá Níyì lòun ń jẹ́! Lóòótọ́, àkọ́bí la fi ń pe ìyá. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe máa gbé ìkejì fún aládùúgbò?

Wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Yẹ́misí kò rí igba kankan. Ẹyọ ẹnìkan ló rí, onítọ̀hún sì fẹ́ gba ọmọ lọ tán.

Nígbà tí Bánjọ, ọkọ ẹ̀, rí ilé tuntun, ilé ìdáná ló ń mú inú tiẹ̀ dùn. Ohun tó ń dùn mọ́ Yẹ́misí yàtọ̀: wọ́n máa jìnnà sí Ajarat. Ọjọ́ tí Ajarat lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìkòròdú gan-an ló ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá kó ẹrù. Kò dágbére. Fikáyọ̀ di ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ ké pa ara ẹ̀. Ni Yẹ́misí bá sọ ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu: "Wọlé sínú mọ́tò, jàre. Bí irun ẹ bá tó tú, Àǹtí Ajarat ń bọ̀ wá tú u." Ọmọ dákẹ́, ó wọlé.

Yẹ́misí fà á jáde lábẹ́ tábìlì báyìí, ó há a mọ́ àárín orúnkún, ó sì ti ìka bọ ìdí irun kan. Igbe tí ọmọ náà ké kì í ṣe igbe ìrora.

"Mummy, ẹ má tú u! Tẹ́ ẹ bá tú u, kí ni Àǹtí Ajarat tún máa wá ṣe?"

Yẹ́misí jáwọ́ lórí irun, ó ní kí ọmọ lọ wọ bàtà: Ìkòsì ni wọ́n ń lọ.

Kì í ṣe pé owú tán nínú ẹ̀ o. Owú kì í ṣe àlejò tó ń dágbére. Aṣọ tó dára jù lọ ló wọ̀, kí wọ́n lè rí i ní Ìkòsì pé Alápẹ̀rẹ̀ ń gbè é. Lórí ọ̀kadà, ó ń to èsì sẹ́nu: bí Ajarat bá sọ báyìí, òun á fi báyìí lé e.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀ ni Ajarat jókòó sí, kò sí oníbàárà níwájú ẹ̀. Kí Yẹ́misí tó sọ̀rọ̀, Ìyá Ọpẹ́, ará ilé kan náà, kígbe láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ajarat! Fún mi ní ìṣáná!"

Yẹ́misí gbọ́ ọ, ó sì rí i létí bákan. Ìyá Ọpẹ́, ọmọ àná tó jẹ́ àbúrò gbogbo wọn! Ajarat gbáà, kì í tún ṣe Ìyá Fikáyọ̀ mọ́?

Fikáyọ̀ ti sáré lọ. Ajarat dìde, ó la apá, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kàn án. Ojú Yẹ́misí ló kọ́kọ́ wò, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan tí kò ní í lọ́wọ́ mọ́. Yẹ́misí mi orí pé kó gbé e. Ìgbà náà ló tó gbé ọmọ.

"Ẹ ò wá," Fikáyọ̀ sọ mọ́ ọn lọ́rùn. "Mummy ní ẹ ń bọ̀ wá tú irun mi."

Gbogbo èsì tó tò sẹ́nu wábi gbà.

"N kò mọ̀nà ni, ọlọ́mọge mi," ni Ajarat dáhùn. "Mummy ẹ ló wá júwe ẹ̀ fún mi yìí. Àbí, Ìyá Níyì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ẹ má bínú."

Ajarat gbé ọmọ kalẹ̀ sí àárín orúnkún, ó mú òòyà, lẹ́yìn náà ló nà án sí Yẹ́misí.

"Tú apá ọ̀tún."

"N kò mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiyín."

"Títú ni mo ní. Ta ló ní kó o dì í?"

Yẹ́misí rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Ó fa àpótí mọ́ra, ó jókòó. Apá kan lọ́wọ́ ọ̀kan, apá kejì lọ́wọ́ èkejì, wọ́n ń tú u bọ̀ wá sókè níbi tí ṣùkú ti pàdé. Kò pẹ́ tí Fikáyọ̀ fi sùn lọ.

"Ajarat, ìṣáná mi dà?" Ìyá Ọpẹ́ tún ké.

Yẹ́misí ló kọ́kọ́ lanu. "Ìyá Fikáyọ̀ ń tú irun ọmọ lọ́wọ́! Ṣé ìṣáná lo máa jẹ ni?"

Ọwọ́ Ajarat dúró lórí irun. Yẹ́misí kò wo ojú ẹ̀. Orúkọ náà ṣì korò díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ó mú irun tó kàn, ó ń tú u lọ.