Ọmọ Jẹ́jẹ́

Ẹ̀wù kẹta ni Nọ́ọ̀sì Lydia ń bọ́ lọ́rùn Jọmílójú yìí, òógùn sì ti bo ọmọ ọdún kan àbọ̀ náà.

"Ìyá Jọmílójú, ṣé ọyẹ́ ti dé sí Pápá Àjàó ni?"

Àwọn ìyá tó jókòó sórí àga gbọọrọ ní ilé ìtọ́jú ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mojísọ́lá wolẹ̀. Kì í ṣe nítorí òtútù ló fi wọ ẹ̀wù mẹ́ta fún ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó wúwo lórí ìwọ̀n ni. Ní oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé bí ọmọ náà kò bá tẹ̀wọ̀n sí i, ilé ìwòsàn ńlá ni wọn yóò dá tìyá-tọmọ dúró sí. Bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì ni Mojísọ́lá ń rán mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀; ọjọ́ tí kò bá rán an, kò sí ohun tí wọn yóò gbé sẹ́nu.

Ohun tó dùn ún jù ni pé kò mọ ìgbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Omíyalé ti ba oko jẹ́ ní òkè Ọya lọ́hùn-ún, ẹ̀wà wọ́n bí ojú, ẹyin sì kúrò ní ohun tí tálákà ń bèèrè iye rẹ̀. Ògì lásán ni Jọmílójú ń mu, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò ké, kò ráhùn. Gbogbo ará ilé ń yìn ín: "Ọmọ jẹ́jẹ́!" Inú ìyá rẹ̀ a sì máa dùn.

Láti oṣù tó kọjá ni ó ti ń lọ orí ẹja gbígbẹ àti ẹ̀pà pọ̀ mọ́ ògì náà, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n ní ìhòòhò. Ó kọ iye rẹ̀ sínú káàdì. Ó mú téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń mọ ọmọ tó rù, ó wé e mọ́ ọn ní apá. Bí ó bá bọ́ sí pupa, ó di ilé ìwòsàn ńlá. Bí ó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, ó di ilé. Mojísọ́lá dijú.

"Lajú, jàre. Àwọ̀ ewé ni. Ta ló ní kí o máa fi súwẹ́tà tàn mí jẹ?"

Kí ó tó dáhùn, Jọmílójú ti rí àkàrà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, ó sì figbe ta. Igbe náà gba gbogbo yàrá.

"Hà! Eléyìí lè pariwo o!" ni obìnrin tó ni àkàrà wí. Ó bù ú fún un.

Mojísọ́lá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó tó ti gbọ́ irú igbe yìí lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn? Jẹ́jẹ́ tí gbogbo wọn ń yìn, àìlókun ni.

Ó ká ẹ̀wù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò. Jọmílójú ti jẹ àkàrà tán, ó tún ń ké. Ìyá rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó dúró, ó ń gbọ́.