Ìkìlọ̀ Mẹ́tàdínlógún

Ẹ wò ó, àgídí Sàfúrátù kì í ṣe kékeré. Ọmọ ogún ọdún tí bàbá rẹ̀ ra máṣíìnì ìránṣọ fún, kọ̀ǹpútà lòun ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi kọ̀ǹpútà ọ̀hún ránṣẹ́ láti Àbíjàn, èdè Faransé ló sì ń sọ. Bàbá wọn, Àlùhájì Mùtàlíbù, tó ní bọ́ọ̀sì tí ń kó èrò láti Ẹ̀jìgbò lọ sí Àbíjàn, ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Tí n kò bá rí iṣẹ́ tó ń ṣe títí di Jímọ̀, màá gbé e fún ọ̀rẹ́ mi ní Ìwó. Wàá sì padà sídìí ìránṣọ."

Ọjọ́bọ̀ wá pé. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo ojú ọ̀run di funfun, oòrùn àsárì ń yọ́ wọlé lójú fèrèsé. Sàfúrátù ti kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tí yóò máa mọ ẹni tó jókòó síbi kọ̀ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n má baà tún fi èrò méjì sí àyè kan. Àyè méjìdínlógún ló tò sílẹ̀. Ó kọ òdo sí àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé kò séèyàn níbẹ̀. Ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ fi òdo sí ìyókù. Ó wo àwọn lẹ́tà aláwọ̀ ewé náà títí ó fi ń rí ìjókòó nínú wọn, tó ń rí èrò tí ń tòògbé, tí etíkun ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Bàbá rárá.

"Fi iṣẹ́ hàn mí."

Ó tẹ bọ́tìnì kan kí kọ̀ǹpútà yẹ ètò náà wò. Làwọn ọ̀rọ̀ bá ń tò wálẹ̀: Atansíọ̀n, àyè kejì. Atansíọ̀n, àyè kẹta. Ó di mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó bá ti gbé Àbíjàn rí mọ ọ̀rọ̀ yẹn, "Ṣọ́ra" ló túmọ̀ sí. Ara pátákó ni wọ́n ń kọ ọ́ sí níbi tí títì ti burú. Awakọ̀ tó rí ẹyọ kan ń tẹ bíréèkì, áḿbọ̀sì mẹ́tàdínlógún.

"Kí ló ń kìlọ̀ lé lórí?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Mo ti ní àkọ́kọ́ ṣófo, ó mọ̀ pé ìyókù ṣófo, síbẹ̀ ó ń yọ mí lẹ́nu pé n kò dárúkọ wọn. Mo lè ní kó panu mọ́."

Bàbá fa àga, ó jókòó.

"Má pa á lẹ́nu mọ́ o. O ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tá a dé Àbíjàn lọ́sàn-án gangan. Mo wo iwájú bọ́ọ̀sì, ó ṣófo, mo ní ẹ̀yìn náà á ṣófo. Mo tilẹ̀kùn, mo lọ kírun. Ìyá rẹ rò pé ọwọ́ mi lo wà, èmi rò pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Àyè kẹrìndínlógún ni mo ti gbé ọ. Ooru ti mú ọ dákú."

Sàfúrátù ò gbọ́ èyí rí. Ìdí rèé tí bàbá yìí fi ń fọwọ́ kan ìjókòó lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ti bọ́ọ̀sì, táwọn awakọ̀ fi ń pè é ní Àlùhájì Afọwọ́kàn lẹ́yìn. Òun náà sì ti bá wọn rẹ́rìn-ín! Ojú tì í gidigidi.

"Ẹ̀rọ tó ń bèèrè àyè lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi ni," Bàbá wí. "Kò lọ Ìwó mọ́. Ó yá, dá a lóhùn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òdo. Bàbá ń bá a kà á, ìka rẹ̀ ń kan tábìlì. Nígbà tó kan ìkẹrìndínlógún, ìka Bàbá dúró lórí tábìlì, omi ti bò ó lójú.

Sàfúrátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ibẹ̀ ṣófo, Bàbá. Èmi rèé."