Ọrẹ Rọ́bà

Ta ló rán Hezekiah níṣẹ́? Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ìjọ Kérúbù wọn ní Ẹrúnmu pé òun á fi rọ́bà àlòkù ṣe ogójì àpótí ìjókòó fáwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù. Bí wọ́n bá dáa, òun ni wọ́n máa gbé gbogbo ìjókòó ilé-ìwé ìjọ fún. Ọdún mẹ́ta ló ti ń yọ́ kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìnkùlé, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kàn án rí.

Kẹ́ẹ̀gì nìkan ló ní kí wọ́n mú wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kó síwájú pẹpẹ: ìgò omi, abọ́ fífọ́, ọ̀rá, sálúbàtà. Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin, sì gbàdúrà lé gbogbo ẹ̀ lórí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣà á."

"Ṣa kí ni? Ọrẹ ni. Ti ta lo fẹ́ dá padà, ti opó àbí ti aláìsàn?"

"Wọn kì í yọ́ pọ̀ ni, Màmá. Iná tó ń yọ́ kẹ́ẹ̀gì kò tó yọ́ ìgò omi. Bí kẹ́ẹ̀gì bá sì ń tutù, ńṣe ló ń to ara ẹ̀ jọ bí igi ìdáná, ibẹ̀ ló ti ń lágbára. Bí àjèjì bá há sáàárín, kò ní lè tò."

"Ọlọ́run tó da Júù àti Kèfèrí pọ̀, ṣé rọ́bà ló máa wá ṣòro fún un?"

Inú bí Hezekiah. Àmọ́ ìjókòó ilé-ìwé kò kúrò lójú rẹ̀. Ó dá iná sí i, ó yọ́ gbogbo ẹ̀ pọ̀. Àpótí jáde, ó ń dán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, Bólúwatifẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, ló kọ́kọ́ jókòó. Àpótí là lábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tó là ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n gbé òmíràn, òun náà là.

Ìyá Ìjọ kọjú sí Hezekiah níwájú gbogbo ìjọ. "Ṣé bó o ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí?"

Ṣé kó wá di ẹ̀bi ru ìyá àádọ́rin ọdún ni? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ẹ̀bi òun ni.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"O sọ fún mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ iṣẹ́, èmi ò mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tó o gbà fún mi?"

Nígbà tó yá, ọjà Mọ́níyà ni ìjọ ti lọ ra ìjókòó ilé-ìwé.