Ibi Tí Ọ̀dà Kò Dé

"Fi í sílẹ̀! Má tún tẹ iná fún un mọ́!"

Dúródọlá sáré já sínú ẹrọ̀fọ̀, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Lórí katapílà, Yàkúbù awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò dẹ́kun rírì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí oorun ń kùn. Yàkúbù bẹ́ sílẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ sì mù ún dé orúnkún.

"Wallahi, Ọ̀gá Dúró, kì í ṣe èmi. Ilẹ̀ yìí ló ń fà á."

"Ilẹ̀ tí a da òkúta kún lánàá?"

"Òkúta dà?" Yàkúbù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Haba! Ẹ bá mi wá a."

Dúródọlá wo ilẹ̀ náà títí. Típà lẹ́yìn típà ni wọ́n fi da òkúta síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dúró tì wọ́n. Ní báyìí, omi pupa ló tẹ́jú síbẹ̀, a kò rí òkúta kan ṣoṣo.

Òun ni alábòójútó iṣẹ́ fún Olóyè Akínwọlé, agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ da ọ̀dà sí títì kan ní Angwan Rukuba, ní ìlú Jos. Ọdún 1983 ni, ìdìbò ti ń sún mọ́lé, káńsù sì fẹ́ ṣí títì náà kí ìdìbò tó dé. Gbogbo ibi yòókù ń lọ geere, àfi ibi tó tẹ̀ yìí, níwájú àwọn ilé mélòó kan tí ilé ìyá Dúródọlá wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó le bí àpáta. Òjò dé, ó di ògì.

Ó ti bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè. Ẹnì kan ní àwọn òyìnbó kùsà, àwọn tó ń wa tánganran, ló gbẹ́ kòtò síbẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n wá fi yẹ̀pẹ̀ dí i. Ẹlòmíì ní kò sí kòtò níbẹ̀ rí, odò kékeré kan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Màmá arúgbó kan wá ní irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa, oko ọ̀dùnkún ni ibẹ̀ nígbà tí ọkọ òun gbé òun dé Jos.

Ní ọ̀sán, Akínwọlé àti Jonathan, ẹnjiníà káńsù, pàdé létí ẹrọ̀fọ̀ náà.

"Iye tó wà nínú àdéhùn ni káńsù máa san," Jonathan sọ ọ́ ní èdè Hausa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mi ò lè lọ sọ fún wọn pé títì kan ti di méjì."

Akínwọlé fi Hausa tirẹ̀, tí ohùn Ìjẹ̀ṣà kún inú rẹ̀, dá a lóhùn. "Ṣé èmi ni mo bu omi síbẹ̀ ni? Ẹ ní kí n ṣe títì lórí ilẹ̀. Èyí kì í ṣe ilẹ̀!"

Jonathan sọ òótọ́. Akínwọlé náà sọ òótọ́. Bí ọ̀kan bá ti sọ tirẹ̀ tán, Dúródọlá á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí èkejì bá fèsì, á tún mi orí. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Bí a bá kó gbogbo ẹrọ̀fọ̀ yìí jáde," ó ní, "tí a fi òkúta àti yangí dí i, bóyá yóò dúró. N kò mọ ibi tó jìn dé."

"Bóyá?" ni Akínwọlé wí. "Ilé mi ní Hwolshe ni mo fi dúró fún owó tí mo yá ní báńkì. Ṣé bóyá ni n ó lọ sọ fún wọn?"

Jonathan mi orí, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Akínwọlé wá fa Dúródọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, gbọ́. Tẹ́ yangí bò ó kó nípọn dáadáa, ká da ọ̀dà lé e. Ó lè má rì. Ìwọ náà kò kúkú mọ̀."

Ohun tó dun Dúródọlá nìyẹn. Òótọ́ ni, kò mọ̀. Ó ti rí títì tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì dúró. Ó ti rí èyí tó là sí méjì lábẹ́ lọ́rì tó kó èrò. Orí rẹ̀ dàrú. Ó rìn lọ sí òkè, ó rìn padà sí ìsàlẹ̀. Akínwọlé kò pè é.

"Bàbá," ó sọ nígbẹ̀yìn, "ẹ jẹ́ ká da ọ̀dà láti ìsàlẹ̀ wá, ká dúró níbí. Ká da ti òkè náà, ká dúró lọ́hùn-ún. Ká fi ibí sílẹ̀ títí òjò yóò fi lọ, ká tún gbẹ́ ẹ wò."

"Títì tó já láàárín bí okùn? A ti fọ́ àtẹ̀gùn iwájú ilé àwọn ará ibí nítorí gọ́tà! Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ta ni yóò sọ fún wọn?"

"Èmi ni."

Akínwọlé wo katapílà tó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Máa lọ," ó ní. "Èmi náà á lọ wá ohun tí n ó sọ fún Jonathan."

Ìyá Dúródọlá, Ìbíjọkẹ́, ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì sọ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń gbé ọ̀dà bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà òun.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà kò ní dé iwájú ilé wa."

"Ṣé ó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn Péjú ní ìsàlẹ̀?"

"Ó máa dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Ti òkè ńkọ́?"

"Ó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn náà."

"Àwa nìkan. Èmi tí mo bí ẹni tó ń ṣe é."

"Ilẹ̀ ibí kò gbà, Ìyá."

"Ilẹ̀ tí mo ti ń gbé kí n tó bí ọ? Kí ló ṣe é?"

"N kò mọ̀."

"Ìgbà wo lẹ máa wá parí rẹ̀?"

"N kò mọ ìyẹn náà."

Ìbíjọkẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Àwọn tó dára ló ń dà sílẹ̀. Nígbà tó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ ó ń kó wọn padà, Dúródọlá sì bá a kó wọn.

"Àwọn ará ilé kejì ti gbọ́?"

"Rárá. Ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ wá."

"Máa lọ nígbà náà, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá bú ọ, má fèsì."

Ó gba iwájú ilé kọjá, ó kan ilẹ̀kùn ilé kejì, ó kí wọn ní Hausa. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ.

Obìnrin kan dáhùn láti inú ilé, ohùn rẹ̀ ń dùn. "Dúró ni? Ṣé ọ̀dà ti dé?"

Dúródọlá bọ́ bàtà rẹ̀ tó kún fún ẹrọ̀fọ̀, ó wọlé lọ bá a.