Òòlù Orí Omi

Bí ẹni ń kó ogun jọ ni ọkọ mi Kilian máa ń ṣètò ìrìn àjò. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kó tó di ọ̀sán, a ti gun òkè ilé olódi méjèèjì tó wà ní ìlú Sion, ó sì ti ka ìtàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ sí wa létí títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Bàbá rẹ̀, Theodul, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀, ó ń dúró dè wá. Orúnkún ló ń dùn ún. Kilian wo orúnkún náà, ó sì dá ẹjọ́: lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí a bá dé ìdí ọ̀nà omi àtijọ́ ní abúlé wọn, inú mọ́tò ni Bàbá máa wà.

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣọ́ omi yẹn. Láti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ni omi yìnyín ti ń gba inú igi tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n fi kọ́ ara àpáta, wá sí oko àti ọgbà àjàrà wọn. Bàbá ti sọ fún mi pé òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun rìn ín dé orísun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí kò dá òun lójú pé ẹsẹ̀ náà á gbà lọ́dún tó ń bọ̀.

“Bàbá, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ máa gbọ́ rédíò,” ni Kilian wí nígbà tí a dé ìdí òkè lọ́jọ́ Sọ́ńdè. “A ò ní pẹ́ dé.”

“Ṣé ajá ni mí, tí ẹ fẹ́ tì mọ́nú mọ́tò?”

“Ẹsẹ̀ yín ni mò ń rò.”

“Ẹsẹ̀ tó mọ ọ̀nà yìí kí wọ́n tó bí ẹ.”

Mo ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un, mo kọjú sí ọkọ mi. “Bàbá Annalea, tí Bàbá ò bá lọ, èmi náà ò lọ. Ọwọ́ mi sì ni oúnjẹ wà.”

Kilian mọ ẹnu mi. “Wọn ò gbọdọ̀ kọjá ahéré ẹni tó ń ṣọ́ omi o,” ló fèsì.

A ń gun òkè láàrin igbó páìnì nígbà tí a gbọ́ ọ: gbà, gbà, gbà.

“Bàbá àgbà, ta ló ń kan nǹkan?” ni Annalea, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́sàn-án, béèrè.

“Omi ni. Omi ń yí kẹ̀kẹ́ onígi, kẹ̀kẹ́ ń gbé òòlù. Tí mo bá sùn sínú ahéré tí mò ń gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé omi ń lọ dáadáa.”

“Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ mọ́ ńkọ́?”

“Màá jí.”

A jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, a ń jẹ búrẹ́dì dúdú àti wàràkàṣì. Ẹ̀yìn ahéré ni òòlù wà, a ò rí i, ariwo rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Níwájú wa, ọ̀nà di pákó tóóró tí wọ́n so mọ́ ara àpáta. Kilian wọ bàtà òkè tuntun, ó dé fìlà tuntun, ó sì gbé ọ̀pá tuntun méjì dání. Bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ó fa Annalea lọ́wọ́, ó ní kó wá dúró sórí pákó kí òun ya fọ́tò rẹ̀.

Bàbá ń gé ẹran gbígbẹ. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ dúró,” ló wí.

Èmi náà wá fetí sí i. Gbà. Gbà. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

“Àwọn àlejò kan ló dì í mú,” ni Kilian wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí pákó. “Wọ́n máa ń fi ṣeré.”

“Tí èèyàn bá dì í mú, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa dákẹ́. Èyí kọ́kọ́ falẹ̀. Omi ló tán nídìí rẹ̀. Ọ̀nà omi ti já lókè.”

“Bàbá, mo ń wo ọ̀nà yìí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Kilian. Gbé ọmọ mi kúrò lórí pákó yẹn.”

Ọdún kẹtàlá tí mo ti délé wọn nìyẹn, mi ò gbọ́ kí Bàbá sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Kilian gbé ọmọ, ó padà sẹ́yìn. Bàbá kò tíì pa ọ̀bẹ rẹ̀ dé tán tí omi ẹlẹ́rẹ̀ fi ya lulẹ̀ látòkè, tòun ti òkúta. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ́ pákó kẹta sí méjì. Mo fa ọmọ mi mọ́ra, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè bú ẹnikẹ́ni.

Leander, ẹni tó ń ṣọ́ omi báyìí, sáré gba ọ̀nà ẹ̀yìn ahéré wá, ó gbé ṣọ́bìrì dání. “Ta ló dá yín dúró?”

“Bàbá àgbà mi ni,” ni Annalea wí. “Wọ́n gbọ́ ọ.”

Leander ṣí fìlà. “Bàbá Theodul, ihò eku ló já ògiri erùpẹ̀ tó di omi mú lókè. Èmi nìkan ò lè dí i.”

Bàbá dìde, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lọ jókòó jẹ́jẹ́ sínú mọ́tò. Máa gbọ́ rédíò. A ò ní pẹ́ dé.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kilian fi ọ̀pá tuntun rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Leander, ó sì tẹ̀ lé wọn gba ọ̀nà ẹ̀yìn ahéré lọ síbi tó já, èmi àti Annalea náà tẹ̀ lé e. Bàbá ń nawọ́ síbi tí òkúta pẹlẹbẹ máa wà, síbi tí koríko máa wà, Kilian ń wa ilẹ̀, ẹrẹ̀ sì kùn ún títí dé orúnkún.

Nígbà tó di agogo mẹ́rin, òòlù bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀: gbà, gbà, gbà. Láti ibi tí a dúró sí, ọ̀nà omi ṣì ń lọ sókè, sí orísun rẹ̀. Kilian na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ di bàbá rẹ̀ lápá mú, ó sì ká a kò.

“Bàbá, ẹ máa lọ níwájú,” ló wí.

Bàbá ṣíwájú. Ìwọ̀n tí orúnkún rẹ̀ gbà ni gbogbo wa ń rìn, títí a fi débẹ̀.