Mọ́ọ̀dù Tí Kò Ṣí

Lọ́jọ́ Ajé tó lọ lọ́hùn-ún, Bọ̀dá Yúnúsà, ẹ̀gbọ́n mi, jókòó sórí táyà níbí, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Gáfárì, ọwọ́ rẹ wúwo bíi tàwọn tó ń wa yanrìn l'Ágbóyì. Rọra!" Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì mì ná." Lọ́jọ́ Jímọ̀, a sin wọ́n.

Rọra... Mo sì ń rọra. Kò ṣí.

Mọ́ọ̀dù tí Bọ̀dá ṣe kẹ́yìn, èyí tí a fi ń mọ ẹ̀yà ara ọkọ̀, ló wà lórí itan mi, ìdérí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Uncle Charles, oníbàárà wa, há sínú rẹ̀. Aṣọ káábọ̀n ti gan. Résìnì, oje tí a fi ń mú un le, ti gbẹ. Tí mo bá fi òòlù ọwọ́ mi yìí lù ú, mọ́ọ̀dù á fọ́ — kò sì sí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ha á, tí wọ́n fi sáńpépà dán an. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa lò ó nìyí.

Bọ̀dá máa ń sọ pé, "Tó bá há, má fipá mú un. Da omi sí etí rẹ̀." Mo ti da omi.

Uncle Charles ò tilẹ̀ kán mi lójú. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí lánàá: "Gafar, take your time. Kú ara fẹ́ra kù o."

Jẹ́ kí n tún un rò. Mo po résìnì, ó pé. Mo fi síríǹjì wọn hádínà tó ń mú un gan. Mo gé aṣọ, ìpele mẹ́ta, mo tẹ atẹ́gùn jáde. N ò fo nǹkan kan. Gbogbo ohun tí mo máa ń ṣe ni mo ṣe. Gbogbo ohun tí èmi máa ń ṣe...

Ìda.

Ìda tí kì í jẹ́ kí résìnì lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù. Agolo rẹ̀ nìyẹn lórí pẹpẹ, ó ṣì dé pa. Láti 2003 tí a ti gba ṣọ́ọ̀bù yìí l'Ówódé Onírin, ọdún mẹ́fà, n ò fi ọwọ́ kàn án rí. Iṣẹ́ tiwọn ni. Wọ́n á fi pa mọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n á fi àkísà nù ún, wọ́n á tì í sọ́dọ̀ mi: "Ó yá, ọkọ Hidayat!"

Láàárọ̀ àná, mo bá mọ́ọ̀dù níwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N ò gbàgbé ìda — rárá. Mo rò pé Bọ̀dá ti fi pa á, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Mo gbé òòlù sílẹ̀. Èmi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù.